Okùn Tí A Fi Ń Fa Ọkọ̀
(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Olúpọ̀nnà)

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lọ́rì wa ni n ó fi parí.

Ọkọ̀ òfúrufú kan wà tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Glider ni wọ́n ń pè é. Ní 1962, Ààrẹ Kwame Nkrumah pe Hanna Reitsch, obìnrin ará Jámánì, wá sí Gánà, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Afienya. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú bí tiwa kọ́ ọ níbẹ̀, títí àwọn sójà fi gbàjọba ní 1966.

Báwo ni ó ṣe ń gòkè? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkọ̀ òfúrufú kékeré tó ní ẹ́ńjìnnì ni í fi okùn fà á. Bí wọ́n bá ga tó, wọn a tú okùn. Glider a wá afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ru sókè, a sì máa yípo nínú rẹ̀ bí àwòdì.

Ẹ fetí sí èyí. Awakọ̀ méjèèjì ló lè tú okùn náà. Bí ti ẹ̀yìn bá ga jù, yóò gbé ìrù ti iwájú sókè, imú rẹ̀ yóò sì dorí kodò. Ti iwájú kò ní dúró gba àṣẹ kí ó tó tú u. Kí wọ́n tó gbéra rárá, wọ́n á ti yẹ okùn wò, wọ́n á sì ti mọ àmì tí wọn yóò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Àwa ńkọ́? Ẹ ò tíì gbàgbé lọ́rì tó kú sọ́nà lọ́dún tó kọjá. Okùn tó ti gbó ni wọ́n fún wa. A kò ṣe àdéhùn àmì kankan. Okùn já, ó sì ṣẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ mọ́tò kan. Ọ̀gá ní àìfarabalẹ̀ ọmọ náà ló fà á. Irọ́ ni. Ọwọ́ èmi yìí ni mo fi so okùn náà, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ó kọ sínú ìwé wa sí máníjà: irin gidi tí a ó máa fi fa ọkọ̀; àmì kan ṣoṣo tí gbogbo wa mọ̀; àti pé kí a má ṣe fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó bá kọ okùn tí kò dára.

Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kí ó nawọ́ sókè.