Ìwé Ló Ń Gba Ẹrù Padà

Ẹ̀yin ará Kambolé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Tchamba àti Sokodé wá, àwọn ọmọ wa ń ṣòwò lókè òkun. Bógun bá kó ọjà wọn ńkọ́?

Iraq gba Kuwait ní 1990. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi owó epo Iraq san gbà-máà-bínú tó lé ní bílíọ̀nù 52 dọ́là. 2022 ni wọ́n san án tán. Ṣùgbọ́n ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń kó ìwé àwọn èèyàn rẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ gbowó ọjà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí.

Ẹ sọ fọ́mọ yín kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ aṣojú Tógò, kó fi ẹ̀dà ìwé ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ sílé. Kí ẹgbẹ́ wa náà máa kọ orúkọ wọn pa mọ́. A kì í wá ìwé nínú eérú.