Owó Ilé ní Navy Town àti ní Okokomaiko
Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo bá ẹgbẹ́ sọ ní Ọ̀jọ́



Ọ̀rọ̀ ilé ni a gbé wá. Ojú ọ̀nà Àgbádárìgì kan náà ni Navy Town àti Okokomaiko wà, ṣùgbọ́n ìlànà ilé wọn kò bára mu rárá. Ní Navy Town, ìjọba ni onílé. Ipò tí ọmọ ogun ojú omi dé ni a fi ń pín ilé fún un; kò bá ajẹ́ńtì ná ọjà kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fẹ̀yìn tì, yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde, yóò sì bá àwa yòókù nínú ọjà.

Ọjà wo? Ẹ wo Okokomaiko. Níbẹ̀, owó ọwọ́ ẹni ni ipò ẹni. Yàrá kan nínú ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ni ìdílé púpọ̀ ń dù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, sì ń bá wọn dù ú.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, nítorí ọmọ yín wà lára wọn. Ìgbà ìkórè ni kòkó ń mú owó wá; onílé a sì máa béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, láìka owó ajẹ́ńtì àti ti ìwé àdéhùn. Bàbá tí kòkó rẹ̀ kò tíì pọ́n, níbo ni yóò ti rí i bí kò ṣe lọ́wọ́ olówó-èlé?

Òfin kò dákẹ́ o. Èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún 1 lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Nítorí náà, irú wa gan-an ni ó ṣe é fún. Ìjìyà rẹ̀ ni ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 3. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí: ẹni tí ó san án jẹ̀bi bí ẹni tí ó gbà á! Ta ni yóò wá mú rìsíìtì rẹ̀ lọ sí kóòtù?

Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa dúró sí. A ń béèrè pé kí a yọ ẹ̀bi náà kúrò lọ́rùn ayálégbé, kí ó kù sọ́rùn onílé àti ajẹ́ńtì nìkan. Ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wà lórí tábìlì níwájú. Kí olúkúlùkù fọwọ́ sí i kí ó tó lọ.