Àwòrán Ọ̀nà Iṣẹ́: Èwo Ni Yóò Tún Òwò Gàárì Wa Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ ọmọ ìlú

Òwò gàárì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ìyá wa fi ń rán ọmọ lọ sí iléèwé. Bí owó díẹ̀ bá ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa wọlé, ẹ̀rọ ni a máa ń sáré rà. Ẹ̀rọ dára, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba tí a dá sílẹ̀ ní Òṣòdì ní 1956 ti ṣiṣẹ́ lórí fífi ẹ̀rọ ṣe gàárì láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a gbé sí ibi tí kò ti sí ìṣòro, owó tí a sọ sínú odò ni.

Ẹni tí ó fẹ́ tún iṣẹ́ ṣe ní láti kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ẹ bi ayangàárì bí ó ṣe ń ṣe é, yóò ní: “A bẹ ẹ̀gẹ́, a rin ín, a fún omi rẹ̀, a jọ̀ ọ́, a yan án.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò dárúkọ wákàtí tí ó fi tò sí ìdí ẹ̀rọ. Ohun tí ẹnu bá fò, ìwé a gbé e jáde. Ìdí nìyí tí tọkọtaya ará Amẹ́ríkà, Frank àti Lillian Gilbreth, fi gbé yíya ọ̀nà iṣẹ́ sórí ìwé kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ wọn ní 1921.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti di púpọ̀, yíyàn ni ó wá kù. Lójú tiwa, àìsàn ni à ń wò kí a tó já ewé: ibi tí ó ń dun òwò ni kí ó yan àwòrán fún wa.

Bí ó bá jẹ́ àkókò ni a ń pàdánù, àwòrán alámì ni ó yẹ. Ẹ to iṣẹ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fi àmì àti wákàtí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmì márùn-ún ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí ní 1947: róbótó fún iṣẹ́ ṣíṣe, ọfà fún gbígbé nǹkan, onígun mẹ́rin fún àyẹ̀wò, lẹ́tà D fún ìdádúró, onígun mẹ́ta fún ìfipamọ́. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni ẹ̀gẹ́ tí a fà tu ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Gbogbo D tí ó bá wà láàárín oko àti ẹ̀rọ, owó ni ó ń jẹ.

Bí ó bá jẹ́ ìrìn ni ó ń pa àwọn òṣìṣẹ́, àwòrán òwú ni ó yẹ. Ẹ ya àgbàlá sórí pátákó, ẹ kan ìṣó sí ibi ẹ̀gẹ́, ibi omi, ibi ẹ̀rọ, ibi jáàkì àti ìdí agbada, kí ẹ sì fa òwú láti ìṣó dé ìṣó bí ẹnì kan ṣe ń rìn láti àárọ̀ dé alẹ́. Ibi tí òwú bá ti pọ̀ jù ni kí a ti sún nǹkan mọ́ ara wọn. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè kà á.

Bí ó bá sì jẹ́ pé láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì ni iṣẹ́ ti ń dúró, ẹ fa ìlà sórí ìwé bí ẹni kọ ebè: ebè kan fún àgbẹ̀, ọ̀kan fún ẹlẹ́rọ, ọ̀kan fún ayangàárì, ọ̀kan fún onímọ́tò, ọ̀kan fún alájàpá tí ń gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn. Níbi tí iṣẹ́ ti ń fo láti ebè kan sí èkejì ni àdánù àti ìjà máa ń wà. Geary Rummler àti Alan Brache gbé irú àwòrán yìí lárugẹ nínú ìwé wọn ní 1990.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ rírin fi ń kan nínú àpò yóò dà bí ìdádúró lójú ẹni tí ń ka wákàtí, yóò sì fẹ́ gé e kúrò. Kí a má rí i! Oró ń bẹ lára ẹ̀gẹ́. Rínrin, kíkan, fífún àti iná ni wọ́n jọ ń lé e jáde. Ẹ má ṣe fi D sí i. Róbótó ni ẹ fi sí i, nítorí iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Nítorí náà, ẹni tí ó mú gègé lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ dá yà á. Kí ayangàárì jókòó tì í.

Ẹ̀yin ọmọ wa lẹ́yìn odi, kí ẹ tó fi owó ẹ̀rọ ránṣẹ́, ẹ béèrè àwòrán. Bí ó bá jẹ́ ìdí jáàkì ni iṣẹ́ ti ń dúró, ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ kejì yóò kàn sọ òkìtì tí ó wà níbẹ̀ di ńlá ni. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé gíga, ẹ ya ti ibùdó gàárì kan ṣoṣo nígbà ìsinmi, kí ẹ gbé e wá sí ìpàdé. Ohun tí a bá rí níbẹ̀ ni kí á fi owó wa tún ṣe.

Kí Ìmínì máa gbòòrò sí i.