OÒGÙN JẸJẸRẸ TÍ A DÌ BÍ Ẹ̀KỌ
Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbò

Ọ̀rọ̀ owó ìpamọ́ àti ẹ̀yáwó ni a máa ń bá yín sọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ ìlera ni a mú wá, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ le ni ó lè dá owó.

Ẹ rántí arábìnrin wa kan tí ó fi kókó ọmú pamọ́ títí ó fi di ńlá. Ó ní oògùn jẹjẹrẹ ni òun ń bẹ̀rù ju àrùn náà lọ. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Sẹ́ẹ̀lì tí ń yára pọ̀ sí i ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń pa, kò sì mọ ti jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí ti irun, ti ìfun tàbí ti ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí irun fi ń re, tí èébì sì ń gbé ni.

Ọ̀kan nínú wọn ni paclitaxel, tí a kọ́kọ́ rí nínú èèpo igi kan ní Amẹ́ríkà. Kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Òróró lárà tí a fi kẹ́míkà tún ṣe, pẹ̀lú ọtí líle, ni wọ́n fi ń pò ó kí ó tó lè gba inú iṣan wọlé. Ara ẹlòmíràn kì í sì gba òróró yìí rárá.

Àwọn onímọ̀ wá wò ó pé, bí a kò bá yí oògùn padà, a lè yí ohun tí a fi dì í padà. Wọ́n mú ásíìdì tí ń mú omi ògì kan, wọ́n so ó mọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì fi di oògùn náà sínú ẹrù tíntínní. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 20 sí 50 irú ìpín bẹ́ẹ̀ ni fífẹ̀ ẹrù kan. Bí a bá jẹ ẹ̀kọ, a ó ju ewé nù. Ṣùgbọ́n ewé ti oògùn yìí, ara fúnra rẹ̀ ni yóò yọ́ ọ, ìyókù a sì bá ìtọ̀ jáde.

Ní ọdún 2007 ni Kòríà Gúúsù fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan, Genexol-PM, fún jẹjẹrẹ ọmú àti ti ẹ̀dọ̀fóóró. Paclitaxel ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí òróró lárà níbẹ̀.

A kò wá tàn yín o. Púpọ̀ nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ń gbà lójú ọ̀nà. Irun ṣì lè re, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣì lè máa ta ni. Ẹni tí ó bá ń polówó oògùn jẹjẹrẹ tí kò ní ìnira kankan fún yín, ẹ sá fún un.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi kókó pamọ́ mọ́. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sì bi dókítà léèrè gbogbo ohun tí ń bà yín lẹ́rù. Àbá wa sì ni pé kí ẹ̀yáwó àìsàn má ṣe tún máa dúró lórí ìlà pẹ̀lú ti aṣọ àti ti ilé kíkọ́. Alájẹṣẹ́kù ni wá: bí owó bá ṣẹ́ kù, ẹ jẹ́ kí olówó náà ṣẹ́ kù pẹ̀lú.