Bí A Ṣe Lè Bá Ajá Fa Okùn Láìfarapa
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Ìkòsì

 

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bi yín pé ọ̀rọ̀ wo ni ẹ fẹ́ kí a jọ sọ lónìí. Bàbá kan láti ẹ̀yìn dáhùn pé, "Tíṣà, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ ajá." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí ẹni tó bá ní ajá nílé nawọ́, ọwọ́ tí mo rí ju ìdajì wa lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Láti Kétu dé Ìkòsì, àti ní àyíká ọjà Mile 12, ajá ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Ajá wà, ọmọ wà, okùn sì wà. Okùn àpò tí a bá tú ní ọjà, ojúde wa ló ń bọ̀, àwọn ọmọ á sì fi ṣeré.

Eré tí mo fẹ́ sọ nìyẹn: eré okùn fífà. Ẹ ti rí i rí. Ọmọ di orí okùn kan mú, ajá fi ẹnu mú orí kejì, ó di fà-á-ká-já. Ajá ń kùn, ọmọ ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan ní eré náà kò dára. Wọ́n ní bí ajá bá borí ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, kò ní í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mo ti lé àwọn ọmọ kúrò nídìí ajá nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́ nípa ìwà ajá ti dán an wò. Ní ọdún 2002, Nicola Rooney àti John Bradshaw ti Yunifásítì Southampton ní Ìlú Ọba kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Wọ́n bá ajá 14 fa okùn lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà mìíràn wọ́n jẹ́ kí ajá gba okùn lọ, nígbà mìíràn wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọn kò rí i pé ajá tó borí sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá lé ènìyàn lórí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ajá yín jẹ nígbà mìíràn. Ta ni yóò máa ta ayò tí kì í jẹ láéláé?

Eyín ajá ni kí a ṣọ́ra fún. Ajá tó ti dàgbà ní eyín 42 lẹ́nu. Àwa ènìyàn, 32 ni tiwa. Bí okùn bá kúrú, ìka ọmọ ti sún mọ́ eyín jù. Ajá lè má ní í lọ́kàn láti bu ènìyàn jẹ. Ó fẹ́ tún okùn mú dáadáa ni, ó sì gbé ìka mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan tó ń bọ̀ ní kíláàsì wa. Ó gbà kí n sọ ọ́, ó ní kí n má ṣáà dárúkọ òun. Àlùbọ́sà ni ó ń tà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje, ń bá ajá ilé wọn fa okùn àpò. Okùn náà kò gùn ju ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí lọ. Eyín ajá ha ọmọ náà ní àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló jáde. Wọ́n fi epo pupa pa á, wọ́n ní, "Ajá ilé ni, kì í ṣe ajá ìgboro."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá wa mú káàdì abẹ́rẹ́ ajá wá sí kíláàsì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ka ọjọ́ àti oṣù nígbà náà, ó fẹ́ fi dánra wò ni. Ó fi ìka lé e, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀: ọjọ́, oṣù, ọdún. Nígbà tí ó dé orí ọdún, ó dákẹ́. Ó gbójú sókè wò mí. Ọjọ́ tó yẹ kí ajá tún gba abẹ́rẹ́ ti kọjá láti ọdún méjì. Inú àpótí ni káàdì náà wà ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

A pa ìwé dé. Mo bá a délé. A fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, mo ń wo aago. Ọmọ náà ké, a kò dá a lóhùn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n gbé e dé ilé-ìwòsàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún un. Ẹnìkan ní kí a pa ajá náà. Dókítà ẹranko ní rárá, kí a so ó mọ́lẹ̀, kí a máa fún un ní oúnjẹ àti omi, kí a ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bí ajá bá ní àrùn náà nínú itọ́ nígbà tó fi eyín kan ọmọ, yóò ṣàìsàn tàbí kí ó kú kí ọjọ́ 10 tó pé. Èmi kò sùn dáadáa ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ kọkànlá, ajá ṣì ń jẹun, ó ń gbó mọ́ àwọn àlejò. Ọmọ náà wà ní àlàáfíà.

Ẹ mọ àrùn tí mo ń sọ. Dìgbòlugi ni. Itọ́ ajá ni ó ń gbé e. Bí itọ́ náà bá gba ojú ọgbẹ́ wọlé, àrùn á máa tọ iṣan lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé ọpọlọ. Ó sábà máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta; ó lè yá jù bẹ́ẹ̀, ó sì lè pẹ́ ju ọdún kan lọ. Bí omi bá ti ń ba aláìsàn lẹ́rù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, abẹ́rẹ́ lè gbà á là. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885, ní ilẹ̀ Faransé, Louis Pasteur bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yìí fún Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá bù jẹ. Ọmọ náà yè. Síbẹ̀ títí di òní, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dún kan, pé nínú ẹni 10, nǹkan bí mẹ́rin ni ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 15. Ata gígún, epo pupa, kẹrosíìnì, irun ajá tí a sun: kò sí èyí tó lè dí i lọ́nà nínú wọn. Ọṣẹ, omi, àti abẹ́rẹ́ ni.

Ó tó. Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí eré.

Okùn nìyí lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi ló gé ṣòkòtò jíǹsì mi àtijọ́, ó sì dì í ní ìdì mẹ́ta bí ẹni dirun. Ẹ wò ó, ó gùn tó apá mi. Ó le, ṣùgbọ́n kò gé ẹnu. Okùn ọ̀rá máa ń ya èrìgì ajá, ó sì máa ń tú. Bí ajá bá gbé fọ́nrán rẹ̀ mì, ó lè lọ́ mọ́ ọn nínú ìfun. Ẹ má ṣe fi bàtà àtijọ́ ṣeré yìí, nítorí ajá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín bàtà àtijọ́ àti èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí eré bá parí, ẹ gbé okùn kọ́ sókè.

Ẹ máa fà á sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má já a gbà sókè, ẹ má sì fi okùn gbé ajá nílẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni ẹ ń ṣe. Ọmọ ajá tó wà láàárín oṣù mẹ́rin sí oṣù méje ń pa eyín dà, ẹnu ń dùn ún. Ẹ rọra fún un.

Kọ́kọ́rọ́ eré náà ni ọ̀rọ̀ kan: "Fi sílẹ̀." Báyìí ni a ṣe ń kọ́ ajá. Ẹ dáwọ́ fífà dúró. Ẹ mú okùn mọ́ itan, kí ẹ dúró gbọn-in bí òpó. Okùn tí kò mira kò dùn mọ́ ajá. Nígbà tí ó bá yà ẹnu, ẹ yìn ín, kí ẹ sì dá okùn padà fún un lójú ẹsẹ̀. Dídá a padà yìí gan-an ni ọgbọ́n ibẹ̀: ajá á rí i pé bí òun bá fi sílẹ̀, eré kò tán. Ọ̀sẹ̀ kan ni tèmi fi mọ̀ ọ́n, ó yá ju àwọn ọmọ kan tí mo kọ́ ní ilé-ìwé lọ. Ṣùgbọ́n bí eyín bá kan ara ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀, ẹ sọ pé "Ó tán," kí ẹ gbé okùn kúrò. Ẹ wo awọ ara dáadáa. Bí ó bá bó, ẹ ti mọ ohun tí a ó ṣe.

Kíkùn nìkan kì í ṣe ìbínú. Ajá tó ń ṣeré á kùn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á rọ̀, á máa jùdí. Bí ara rẹ̀ bá gan, tó tẹjú mọ́ ọ, tó ká ètè sókè, fi okùn sílẹ̀ fún un, kí o sì rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Má sáré. Kí ọmọdé má bá ajá tí a so mọ́ ṣéènì fa nǹkan, tàbí èyí tó ń jẹun. Kí àgbàlagbà wà nítòsí ní gbogbo ìgbà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó, pàápàá nínú oòrùn wa yìí, kí omi sì wà nínú abọ́.

Ìyá kan ń bi mí pé ajá àdúgbò tí kò ní olówó ńkọ́? Ẹ má bá a fa ohunkóhun, ìyá mi. Bí ó bá já ẹja gbà lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ.

Ọmọ ajá tó bá ti pé oṣù mẹ́ta ti tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Dókítà ẹranko ni yóò kọ ọjọ́ tí yóò tún gbà á sínú káàdì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí olúkúlùkù mú káàdì ajá rẹ̀ wá, òun ni a ó fi ṣe ẹ̀kọ́ kíkà. Ẹni tí kò bá ní káàdì, kí ó mú orúkọ ajá rẹ̀ wá. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ sójú pátákó.