Ìdánwò Ṣeé Tún Ṣe
Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń retí èsì WAEC, lọ́dún tí èmi ṣe tèmi, F9 ni mo gbà nínú ìṣirò. Odidi ọjọ́ méjì ni mi ò jáde nínú yàrá. Ìyá mi ò bú mi, ó gbé ẹ̀bà wá, ó ní, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Mo fi GCE tún un ṣe, mo sì yege.

Ẹ gbọ́ o: NECO wà, GCE wà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló sì ń gba èsì ẹ̀ẹ̀mejì papọ̀.

Ẹ̀yin òbí, lọ́jọ́ tí èsì bá jáde, ẹ má fi ọmọ aládùúgbò bú tiyín. Ẹ fún un lóúnjẹ ná. Ìdánwò ṣeé tún ṣe, ọmọ ò ṣeé rà lọ́jà.