Ẹnu Ọ̀nà Tóóró Inú Awọ Ike

Ara géètì ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ń gbé Festac Town tàbí ibòmíràn ní Amuwo-Odofin mọ ohun tí mo ń wí: ọ̀sà kò jìnnà, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, irin tí a sì kùn lọ́dà, kò pẹ́ tí ìpáàrà fi ń yọjú lára rẹ̀.

Ní ọdún 1977, tí àwọn ènìyàn dúdú péjọ sí Èkó fún FESTAC, tí a sì kọ́ Festac Town fún àwọn àlejò, ní ọdún náà gan-an ni Shirakawa, MacDiarmid àti Heeger fi hàn pé ike kan, polyacetylene, lè gbé iná mànàmáná bí iodine bá gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ike ni a fi ń bo wáyà kí iná má baà gbé wa! Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000. Gbígba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ọ́ksídéṣọ̀n.

Kí ni ń pinnu bí ó ti ń yára tó? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a dáhùn pé agbára iná ni. Wọn kò ṣì tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ti jáde nínú awọ ike tí ó wà nínú omi iyọ̀, áyọ́ọ̀nù kan gbọ́dọ̀ ti inú omi wọlé dípò rẹ̀. Bí agbára iná bá ti tó, àfikún kò ṣe nǹkan mọ́. Ìrìn áyọ́ọ̀nù ni à ń dúró dè. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà kan, ariwo kò sọ ọ̀nà náà di méjì.

Áyọ́ọ̀nù kì í sì í rìn tààrà. Bí ọ̀mùtí ni: ó lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn. Nítorí náà, bí awọ bá nípọn ní ìlọ́po méjì, àkókò rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Cottrell ti fi ìṣirò rẹ̀ hàn ní 1903: níwọ̀n ìgbà tí áyọ́ọ̀nù kò bá tí ì dé ìsàlẹ̀ awọ, iná tí ń ṣàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kẹrin jẹ́ ìdajì ti àkọ́kọ́, ní ìkẹsàn-án, ó di ìdá mẹ́ta rẹ̀.

Géètì wa ńkọ́? Láti 1985 ni DeBerry ti fi hàn pé polyaniline, ike mìíràn tí ń gbé iná, lè ran irin lọ́wọ́ láti di awọ ààbò tirẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n bí awọ náà bá lá, omi iyọ̀ ti rí ọ̀nà àbùjá nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń ha ìpáàrà àtijọ́ kúrò kí a tó kun ọ̀dà.

Ẹ fi ẹ̀kọ tútù dán an wò: ẹ sè é sínú ife dígí, kí ó dì, kí ẹ da yíǹkì lé e. Ẹ fi rúlà wọn bí àwọ̀ ti wọlé tó lẹ́yìn wákàtí kan, àti lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Ẹ má ṣe fojú díwọ̀n o. Iye tí ẹ bá kọ sílẹ̀ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.